Àbúrò Mi Tó Ń Dí Ihò Egungun

Ọkùnrin kan tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú wọ inú ṣọ́ọ̀bù wa lọ́jọ́ kan, ó fi ọwọ́ gbá ẹnu mú, ó ní wọ́n júwe fún òun pé ibí ni wọ́n ti ń tún eyín ṣe. Àbúrò mi gbójú sókè nídìí béńṣì rẹ̀. Ó wo fáìlì onírin tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo ọkùnrin náà, ó ní, "Bọ̀dá, irú eyín tí àwa mọ̀, kò lè gba ẹnu yín." Ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Èmi ni mo dìde, tí mo mú ẹni ẹlẹ́ni lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn eyín ní òpópó kejì. Bí àbúrò mi ṣe rí nìyẹn. Bí iná bá ń jó ilé, á kọ́kọ́ dán èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán kó tó wá omi.

Dídán ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí pé kò sí ohun tó lè bọ́ sí i lọ́wọ́ kó má dán. Ṣíbí ilé mi dán. Bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ dán. Èmi tí mo pọ̀n ọ́n kó tó mọ ìrìn, èmi nìkan ló kù tí ń pè é ní orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, ìyẹn náà, ìgbà tí inú bá ń bí mi ni.

Eyín erin ni bàbá wa ń gbẹ́. Yàrá gígùn kan ló wà níwájú ilé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Bàbá á fi ayùn rẹ́ eyín náà, ìyá wa á máa kán omi sí i kó má baà gbóná, èmi á wá fi aṣọ tútù àti ẹfun lílọ̀ dán an. Àbúrò mi ni wọ́n kọ́ ní gbígbẹ́, torí pé ọkùnrin ni. Mo bínú sí i nígbà náà, mo ṣì ń bínú sí i díẹ̀ títí dòní. Ṣùgbọ́n ká má purọ́, ọwọ́ rẹ̀ yàtọ̀. Kó tó hu irùngbọ̀n ló ti ń gbẹ́ ẹyẹ tí ìyẹ́ rẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá. Eyín erin gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó máa ń tutù lọ́wọ́, ó máa ń jọ̀lọ̀, tí o bá fọwọ́ pa á lẹ́ẹ̀kan, wàá tún fẹ́ pa á.

Òfin wá dé. Orí rédíò la ti gbọ́ ọ: ìjọba ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ta eyín erin mọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ rà á, èyí tó bá sì wà nílẹ̀ lọ́wọ́ oníṣẹ́, kó kó o wá. Bàbá na ọwọ́, wọ́n pa rédíò, àfi bíi pé inú rẹ̀ ni òfin náà ń gbé. Nígbà tó yá, wọ́n kó èyí tó wà nílẹ̀ fún ìjọba. Òpópó wa tí ìró ayùn kì í tán níbẹ̀ wá pa rọ́rọ́. Ọ̀kan nínú àwọn oníṣẹ́ di awakọ̀, ọ̀kan ń tún fóònù ṣe, òmíràn ṣí ilé ìgbafẹ́ tí kò pẹ́ tó fi kógbá sílé. Bàbá wa kò di nǹkan kan. Wọ́n á lọ jókòó sídìí béńṣì láràárọ̀ lọ́wọ́ òfìfo, títí wọ́n fi dákẹ́. Ẹnìkan sọ níbi ìsìnkú pé òfin ló pa wọ́n. Mi ò gbà. Ọjọ́ ogbó ló pa wọ́n. Òfin kàn jẹ́ kí ogbó náà korò ni.

Ẹ má sì rò pé mò ń bú òfin. Mo rí àwòrán erin kan nínú ìwé ìròyìn, wọ́n ti gé iwájú orí rẹ̀ lọ, ọmọ rẹ̀ dúró tì í. Mo gbé búrẹ́dì tí mò ń jẹ sílẹ̀. Mo gbé àwòrán náà fún àbúrò mi. Ó wò ó pẹ́, ó ní, "Òótọ́ ni wọ́n ń sọ, Àǹtí. Kò yẹ ká tún máa ṣe é." Lẹ́yìn náà ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú mi. "Àmọ́ kí ni kí n wá fi ìwọ̀nyí ṣe?" Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn, mi ò rí ẹni tí mo lè bá jà.

Bí a ò rí àdán, a fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Egungun màlúù la yí sí. Alápatà àdúgbò wa, ọkùnrin tó sanra tí ohùn rẹ̀ ń jí ọmọ lójú oorun, ló ń kó egungun itan fún wa. Àbúrò mi á sè é kí ọ̀rá inú rẹ̀ yọ, á rẹ ẹ́ sínú omi ọṣẹ, á wá lọ sá a sórí òrùlé kó lè funfun. Gbogbo ajá àdúgbò wá di ọ̀rẹ́ rẹ̀. Tó bá ń lọ lójú títì, wọ́n á tò tẹ̀ lé e, mo sì máa ń sọ fún un pé ó ti ní ìjọ tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n egungun ní àbùkù kan. Tí o bá gé e, tí o sì dán an, wàá rí àwọn ihò wínníwínní lára rẹ̀, wọ́n dúdú, àfi bí ẹni pé wọ́n fi orí abẹ́rẹ́ gún un. Ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà nígbà tí màlúù wà láàyè. Eyín erin kò ní in. Àwọn ihò yẹn ò jẹ́ kí àbúrò mi sùn. Á gbẹ́ òdòdó tó rẹwà, á wò ó, á jù ú sínú apẹ̀rẹ̀, á ní, "Ẹ wo ojú rẹ̀, bí ojú ẹni tí ìgbóná bá jà." Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tó lè fi dí wọn. Ó dán gúlúù wò, ó pọ́n. Ó dán ọ̀dà funfun wò, ó ń ṣí. Ìyàwó rẹ̀ wá bá mi nílé, ó ní kí n dákun bá òun bẹ ọkọ òun kó gbé ìkòkò ìda rẹ̀ kúrò lórí sítóòfù, pé àwọn ọmọ kò tíì jẹun.

Mi ò tíì ráyè bẹ̀ ẹ́ tó fi rí ohun tó ń wá. Ìda oyin ni, ó yọ́ ọ, ó po egungun lílọ̀ mọ́ ọn, ó ń fi ìka rọ́ ọ sínú ihò nígbà tí egungun ṣì gbóná, ó wá dán an, ó tún un dán. Ó ránṣẹ́ pè mí. Ó gbé abala egungun pẹlẹbẹ kan fún mi, ó ní kí n wá ihò. Mo gbé e lọ síbi fèrèsé. Mo yí i sókè, mo yí i sódò. Ihò kankan ò sí. Nígbà tí mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un, ó bú sẹ́kún. Àgbàlagbà ọkùnrin! Mo gbá a mọ́ra, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún láìmọ ìdí, ìyàwó rẹ̀ sì wọlé bá wa bẹ́ẹ̀, ó rò pé ẹnìkan ló kú.

Bí mo ṣe ṣí ṣọ́ọ̀bù nìyẹn. Orúkọ mi ni mo fi gba ìwé àṣẹ, torí pé àbúrò mi ò lè ta omi fún ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Kóòmù, bọ́tìnnì, èèkù ọ̀bẹ, yẹtí, òun ń ṣe é lẹ́yìn, èmi ń tà á níwájú. Mo kọ ọ́ gàdàgbà sára káàdì, mo gbé e sójú gíláàsì: EGUNGUN MÀLÚÙ NI GBOGBO RẸ̀.

Àwọn oníbàárà á ka káàdì náà, wọ́n á rẹ́rìn-ín músẹ́. "Egungun ni, Màmá. A ti gbọ́." Wọ́n á wá ṣẹ́jú sí mi.

"Mo ní egungun ni! Ẹ lọ bi alápatà!"

"A gbà, mà. Ẹ fi bébà wé e dáadáa fún wa."

Bí mo ṣe ń pariwo tó, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń gbà pé mò ń bo nǹkan mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wá ń já mi láyà. Mo lọ bá àbúrò mi lẹ́yìn, mo ní kó máa fi ìdí nǹkan sílẹ̀ láìdí, kí ihò díẹ̀ hàn lábẹ́, kí ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ lè mọ̀.

"Àǹtí," ó ní, "ṣé télọ̀ máa ń rán ẹ̀wù kó fi abíyá rẹ̀ sílẹ̀ láìrán?"

"Télọ̀ kò lè torí abíyá wẹ̀wọ̀n."

"Ta ló fẹ́ wẹ̀wọ̀n?"

"Lọ́jọ́ tí ẹnìkan bá gbà pé eyín erin ni lóòótọ́, tó sì lọ sọ ọ́ fún ìjọba, wàá mọ ẹni tó fẹ́ wẹ̀wọ̀n."

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́, ó ń dùn mọ́ ọn nínú pé kò sẹ́ni tó lè mọ ìyàtọ̀. Ó ti ṣe wàhálà púpọ̀ kí wọ́n má lè mọ̀ ọ́n.

Ìgbà yẹn ni Dókítà wọlé. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ó sì dàgbà jù mí lọ dáadáa. Mo mọ̀ pé "wọ́n" ló yẹ kí n máa fi pè é, ṣùgbọ́n mi ò ní pè é bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi wí, kó fara balẹ̀ gbọ́ ọ tán ná. Láti ìgbà ayé bàbá wa ló ti ń ra eyín erin jọ. Yàrá kan kún fún un nílé rẹ̀, ó sì máa ń ráhùn pé òfin ti sọ ẹrù náà di ẹlẹ́wọ̀n sí òun lọ́rùn: òun ò lè tà á, òun ò lè fi ránṣẹ́ sí ọmọ òun tó wà lókè òkun, kí òun sáà máa gbọ́n eruku ara rẹ̀ títí òun á fi kú. Lóòótọ́, mo káàánú rẹ̀. Ó gbé kóòmù kan lórí káńtà wa, ó fọwọ́ pa á, ó dijú. Ó ní, "Ọwọ́ bàbá yín ló wà lára èyí. Kò sí ìyàtọ̀ kankan."

Àbúrò mi wí fún un pé egungun ni. Dókítà mi orí jẹ́jẹ́, ó ní òun mọ̀, òun mọ̀. Ó wá ní kó ṣe àpótí kan fún òun, èyí tí òun á máa kó nǹkan ìyàwó òun tó ti dolóògbé sí.

Ọ̀rọ̀ yẹn, "kò sí ìyàtọ̀ kankan," àbúrò mi gbé e délé, ó ń sọ ọ́ fún ìyàwó, ó ń sọ ọ́ fún ọmọ, ó sọ ọ́ fún èmi tí mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n sọ ọ́. Ó jókòó ti àpótí náà láti ìgbà òjò kan títí òjò mìíràn fi sún mọ́lé. Igi ni inú rẹ̀, egungun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló fi bo gbogbo ara rẹ̀, ó sì gbẹ́ ẹ̀ka igi sí i lára tí àwọn ẹyẹ bà lé, ìyẹ́ kọ̀ọ̀kan ń dá hàn. Mi ò tíì rí ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tí mo sọ fún un? Mo ní, "Ó ti pẹ́ jù. Gbé e síta kí Dókítà wá mú un, kí a lè ráyè ṣe bọ́tìnnì."

Ó gbé e síta. Ibi gíláàsì iwájú ló wà tó ń dúró de Dókítà nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ṣọ́ ẹranko ìgbẹ́ dé.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣẹ́jú yẹn ló lọ ṣẹ́jú síbi tí kò yẹ. Obìnrin kan ló ṣáájú wọn, kò ju ọmọ mi àgbà lọ, ó kí mi dáadáa, ó ka káàdì mi, kò rẹ́rìn-ín. Ó yọ awò kékeré kan tó ń sọ nǹkan di ńlá, ó gbé àpótí náà sábẹ́ iná, ó wò ó yíká.

"Màmá, ẹ ní egungun ni. Mi ò rí ihò kankan lára rẹ̀."

"A dí i ni."

"Kí ni ẹ fi dí i?"

Mo ṣàlàyé ìda, mo ṣàlàyé egungun lílọ̀. Ó gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Ẹni tó bá ń ta eyín erin náà á sọ báyìí. Ìlà kan wà lára eyín erin tí a fi ń dá a mọ̀, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá là á pẹlẹbẹ báyìí, ìlà náà lè má hàn. Èmi ò lè sọ pé eyín erin ni, mi ò sì lè sọ pé kì í ṣe òun. Àwọn erin tó kù ò pọ̀. Tí mo bá ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu sílẹ̀ lọ, kò ní ku ọ̀kan."

Wọ́n kó gbogbo ọjà mi, wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù pa. Ó ní tí a ò bá rí ẹ̀rí mú wá kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọn á lọ gbogbo ọjà náà kúnná, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára ìwé àṣẹ á sì lọ sọ tẹnu rẹ̀ ní kóòtù. Wọ́n lè fi ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ oṣù ni, ṣọ́ọ̀bù á sì wà ní títì. Ọdún ẹ̀wọ̀n tó dárúkọ, mi ò fẹ́ tún un pè. Mo jókòó sórí àga tí mo máa ń fún oníbàárà.

Lọ́jọ́ kejì a mú alápatà lọ sí ọ́fíìsì wọn. Ó wọ ẹ̀wù tó dára jù tó ní. Kò jẹ́ kí wọ́n bi í ní nǹkan kan tó fi gbé ohùn rẹ̀ sókè: "Màlúù mi ni! Èmi ni mo pa á! Ẹ gbé e wá kí n wò ó, mo mọ̀ ọ́n lójú!"

"Ẹ mọ bọ́tìnnì lójú, sà?" ni obìnrin náà bi í.

"Mo mọ ìyá tó bí i!"

Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, omi náà kò sì tètè dá. Obìnrin náà pàápàá fi ọwọ́ bo ẹnu. Ṣùgbọ́n ó ní ohun tí alápatà sọ, ẹ̀rí pé ó ń ta egungun fún wa nìyẹn, kì í ṣe ẹ̀rí pé egungun nìyí. Ó wá yíjú sí àbúrò mi. "Ìda tí ẹ ní ẹ fi dí i yẹn, sà. Ṣé kò ṣeé yọ?"

Àbúrò mi wolẹ̀. Mo wò ó. Èmi náà mọ ìdáhùn: omi gbígbóná àti sódà ìfọṣọ, ìda á yọ, ihò á là. Mo sì mọ̀ pé egungun tó fẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀ á ká, dídán rẹ̀ á lọ, kò sì sí ohun tó lè dá a padà. Ẹnu mi ń yún mi. Ṣùgbọ́n òun ló ṣe é, ẹnu rẹ̀ ni mo fẹ́ kó ti jáde. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ rò ó," ó sì dìde.

A ò tíì dé ìloro ilé tí mo fi gbá a mú. Mo pe orúkọ rẹ̀, èyí tí wọ́n sọ ọ́. "Kí ló dé tí o dákẹ́?"

"Àpótí yẹn á bà jẹ́."

"Èmi ńkọ́? Kí èmi wá bà jẹ́?"

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́."

"Ẹ̀wọ̀n ni mò ń lọ o! Lọ́jọ́ orí mi yìí! Nítorí pé ihò abẹ́rẹ́ ń tì ọ́ lójú!"

Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ó ní, "Mi ò ní lè ṣe irú rẹ̀ mọ́. Ojú mi ti ń ṣú. Àwọn ẹyẹ tó kẹ́yìn yẹn, ọwọ́ ni mo fi ń wá wọn kiri. Òun lèyí tó kẹ́yìn."

Mi ò mọ̀. Ìyàwó rẹ̀ náà ò mọ̀. Ó ti ń fi pa mọ́ fún gbogbo wa, bó ṣe fi ihò pa mọ́. Àánú rẹ̀ ṣe mí, ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó ń bà mí ju àánú lọ. Mo ní, "Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, máa bá àpótí rẹ gbé." Mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn. Mo sì sunkún bí ọmọdé, torí pé mo gbà pé ó ti yan èyí tó wù ú.

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà mi. Ìkòkò ńlá ìyàwó rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ fúnra rẹ̀ gbé sítóòfù tẹ̀ lé e, ajá méjì sì wà lẹ́yìn wọn. Kò kí mi. Ó kàn ní, "Ẹ wá ká lọ."

Inú àgbàlá ọ́fíìsì náà ni wọ́n ti jẹ́ kó dáná. Obìnrin náà mú kóòmù kan nínú ẹrù wa, àbúrò mi sì jù ú sínú omi sódà tó ń hó. Kò pẹ́, ìda léfòó bí ọ̀rá ọbẹ̀. Nígbà tí wọ́n fà á jáde, kóòmù náà ti ṣá, ó kún fún ihò wẹ́wẹ́. Obìnrin náà gbé awò rẹ̀ sí i. "Egungun ni, dájúdájú," ó ní. Inú mi fò. Ó wá sọ jẹ́jẹ́ pé, "Kóòmù ti jàre. Ẹ má bínú, àpótí ńkọ́? Òun gan-an ni wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ̀wé sí wa."

Mo rò pé á bẹ̀ ẹ́. Kò bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí wọ́n gbé àpótí náà wá fún òun, kí ẹnikẹ́ni má bá òun fọwọ́ kàn án. Ó jókòó sílẹ̀, ó fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i ní abala kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ìka wá etí rẹ̀, torí pé ojú kò bá a débẹ̀ mọ́. Ó ń jù wọ́n sínú omi lọ́kọ̀ọ̀kan. Obìnrin náà ní abala kan ti tó, kò pọn dandan kó se gbogbo rẹ̀. Àbúrò mi ní, "Ẹ jẹ́ kó jẹ́ gbogbo rẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún padà wá bi ẹ̀gbọ́n mi ní nǹkan kan." Mo yí ẹ̀yìn sí wọn, mo kọjú sí ògiri. Mi ò lè wò ó.

Wọ́n dá ọjà wa padà. Wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù. Obìnrin náà fi ọwọ́ méjèèjì di àbúrò mi lọ́wọ́ mú, ó ní òun ò rí irú iṣẹ́ yẹn rí, ó dun òun. Mo gbà pé ó dùn ún. Kò sí ẹni burúkú nínú ọ̀rọ̀ náà tí mo lè gbé ìbínú mi fún. Àbúrò mi kó àwọn abala náà délé, ó fi nǹkan wúwo tẹ̀ wọ́n kí wọ́n lè nà, ó sì lẹ̀ wọ́n padà mọ́ igi. Àwọn ẹyẹ ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ara wọn ti ṣá, gbogbo rẹ̀ ló kún fún ihò, etí ibì kan kò sì pàdé etí ibì kan mọ́.

Dókítà ti gbọ́ pé wọ́n ti ṣí ṣọ́ọ̀bù wa. Ó wá ní ọ̀sán. Ó gbé àpótí náà, ojú rẹ̀ yí padà.

"Kí lèyí?"

"Àpótí yín ni, sà," àbúrò mi ní. "Wọ́n ní ká fi hàn pé egungun ni, ó wá hàn. Tí ẹ bá lè fún mi láyè díẹ̀, màá tún un dán."

"Mo mọ ohun tí ẹ fi han ìjọba. Ọgbọ́n ni, mo kan sáárá sí yín." Dókítà wo ẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ojúlówó rẹ̀ ńkọ́? Níbo lẹ gbé e pa mọ́ sí?"

Ohun tó ń sọ ò kọ́kọ́ yé àbúrò mi. Èmi, ó yé mi.

"Òun nìyí, sà. Kò sí òmíràn."

"Èmi ni ẹ fẹ́ sọ ìyẹn fún? Láti ìgbà tí mo ti wà ní ọ̀dọ́ ni mo ti ń fọwọ́ pa eyín erin. Mo mọ ohun tí mo dì mú nínú ṣọ́ọ̀bù yìí."

"Egungun ni ẹ dì mú. Mo sọ fún yín lọ́jọ́ náà."

"O sọ ọ́ bó ṣe yẹ kó o sọ ọ́," Dókítà ní. Ó tún wo àpótí náà, mo sì rí i nígbà tó gbà gbọ́. Ó gbé e kalẹ̀ bí ẹni tó gbé nǹkan ìdọ̀tí. "Egungun. Ìyàwó mi, kí n kó nǹkan rẹ̀ sínú egungun màlúù." Ó lọ, kò kí wa pé ó dìgbà.

Ìbínú gbé mi dìde, mo fẹ́ sáré tẹ̀ lé e, kí n sọ èyí tó ń bẹ nínú mi fún un ní gbangba òpópó. Àbúrò mi ní kí n jókòó. Inú rẹ̀ ti bàjẹ́ lọ́nà tí mi ò rí i rí, àní nígbà tí Bàbá kú.

"Nígbà tó ní kò sí ìyàtọ̀," ó ní, "eyín erin ló ń yìn."

"Má dá òmùgọ̀ yẹn lóhùn."

"Àwọn tó ń ṣẹ́jú náà ńkọ́? Eyín erin ni gbogbo wọn ń rà. Àǹtí, gbogbo ọdún yìí, kò sẹ́nìkan tó rí iṣẹ́ mi."

Ó kù díẹ̀ kí n sọ fún un pé kó jẹ́ ká lọ ṣe bọ́tìnnì. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè mi. Mo gbé e mì.

"Èmi rí i," mo ní. "Láti ọjọ́ kìíní ni mo ti mọ̀ pé egungun ni."

Ó fi ìka wá ẹyẹ kan lára àpótí náà. "Ṣé ó dára?"

Láti kékeré tí a ti jọ wà, kò bi mí ní irú rẹ̀ rí, èmi náà ò sì sọ ọ́ fún un rí láìbi mí. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń purọ́ fún un. Mo ní, "Èyí tó wà nílẹ̀ yìí, ó ti bà jẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó wà ní pípé, Bàbá ò ṣe ohun tó tó o rí. Eyín erin ni Bàbá fi ń ṣiṣẹ́, egungun ni ìwọ fi ṣe é."

Ó mi orí. Ó ní òun mọ̀. Ó ní òun kàn ń fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó mọ̀ pé egungun ni.